Fìlà Lórí Àga Káfíńtà

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, ìlú rẹ̀ sì jìnnà sí títì ọlọ́dà. Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, yóò ṣì rìn lórí iyanrìn gba àárín oko kòkó kọjá kí ó tó rí òrùlé àkọ́kọ́. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ní ilé ìgbẹ̀bí kan. Ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, fìríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Káfíńtà yìí ló kan àwọn bẹ́ǹṣì tí àwọn aboyún ń jókòó lé. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti bí gbogbo ọmọ wọn.

Àbúrò mi, mo mọ ohun tí o bá wá. A ó dé orí rẹ̀. Kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná.

Ní ọdún kan, ìjọba ìbílẹ̀ ní owó tó ń wọlé kò tó mọ́, àwọn máa dín ìnáwó kù. Wọn kò dín ọkọ̀ alága kù. Wọn kò dín àsè tí wọ́n ń sè fún àlejò kù. Ilé ìgbẹ̀bí ìlú kékeré yìí ni ojú wọn lọ bá. Wọ́n ní kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì àti fìríìjì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì káńsù, kí nọ́ọ̀sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ, kí ó wá ọkọ̀ wọ̀.

Ìlú fárígá. Ẹni tó kọ́kọ́ dìde ni ìyàwó káfíńtà. Aránṣọ ni, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í jáde ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Ó bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bi àwọn ènìyàn pé, "Níbo lẹ bí èyí sí? Níbo lẹ bí tọ̀hún sí?" Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń tẹ̀ lé e. Ẹnì kejì rẹ̀ ni tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní gbohùngbohùn kékeré kan tó máa ń gbé dání nígbà tó fi ń darí eré ìje àwọn ọmọ ilé ìwé. Obìnrin náà ní ọ̀rọ̀, tísà ní ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde. Àwọn méjèèjì ni ìlú fi ṣe aṣáájú.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá rèé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí káńsù máa rán wá kó ẹrù, ọmọ agbègbè náà ni wọ́n, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni wọ́n. Ta ni nínú wọn tó máa ti àgbàlagbà kúrò lẹ́nu ọ̀nà? Nítorí náà, lójoojúmọ́, baálé ilé kan yóò gbé àga wá láti ilé rẹ̀, yóò gbé e dí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, yóò sì jókòó sí i títí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù yóò fi ṣíwọ́. Ọjọ́ tí lọ́rì kọ́kọ́ dé, bàbá arúgbó kan ló wà lórí àga. Àwọn ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Wọ́n ní, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Káńsù ló rán wa wá kó ẹrù."

Bàbá ní, "Mo gbọ́. N kò ní dìde."

Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, bàbá."

Wọ́n wọ lọ́rì wọn, wọ́n padà. Báyìí ni wọ́n ń wá, báyìí ni wọ́n ń padà. Nígbà tó yá, awakọ̀ lọ́rì náà ti ń ra iṣu lọ sílé kí ìrìn rẹ̀ má bàa já sí asán.

Inú gbogbo ìlú ń dùn. Káfíńtà nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ ilé ìgbẹ̀bí náà. Ó fẹ́ ẹ. Ohun tí kò fẹ́ ni bí orúkọ tísà ṣe ń jáde lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Tísà ní ká lọ. Tísà ní ká dúró. Tísà sọ ọ̀rọ̀ kan lónìí, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Òun ọkọ, ìgbà wo ló pa á lẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn? Kò rántí. Ó máa ń jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, yóò máa wá ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kan lọ́kàn, kò ní rí, oúnjẹ á sì tutù.

Ìlú tún wá dá kún un. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó káfíńtà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Nígbà tó yá, bí káfíńtà bá ń kọjá lọ, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ Ìyá Ìgbẹ̀bí!" Wọ́n fi ń yẹ́ ẹ sí ni. Létí tirẹ̀, èébú ni.

Owú mú un. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ń jowú, ó tilẹ̀ lè ju ti obìnrin lọ, orúkọ mìíràn la kàn ń pè é. A máa ń ní à ń tọ́jú ilé wa. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ ń wọ̀. Ó rí i pé ó dirun tuntun.

Ó bi í pé, "Ṣé nítorí káńsù lo ṣe dirun?"

Ìyàwó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé orí játijàti lọ bá alága ni, olówó orí mi?"

Ìdáhùn náà mọ́gbọ́n dání. Ìyẹn gan-an ló tún bí i nínú.

Lọ́jọ́ mìíràn, ó rí i lẹ́yìn alùpùpù tísà. Irin ẹ̀yìn alùpùpù ni obìnrin náà dì mú, kò fi ọwọ́ kan tísà rárá. Káfíńtà sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí pé wọ́n ti rí òun lókèèrè ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń fá pákó kan tó fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn. Ó ń fá a, ó ń rò, ó tún ń fá a, títí pákó náà fi fẹ́lẹ́ débi pé kò wúlò fún ilẹ̀kùn mọ́, kò sì wúlò fún nǹkan mìíràn.

Àbí kí n sọ ti tísà yìí fún ọ? Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Gbogbo ìlú ló mọ bó ṣe kú. Ìrọbí mú un nígbà tí kò tíì sí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́ pé kí àwọn gbé e dé títì, kò dé títì. Ìdí tí ọkùnrin náà fi ń pariwo nínú gbohùngbohùn lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ nìyẹn. Káfíńtà mọ̀. Òun ló kan pósí obìnrin náà. Ṣùgbọ́n owú ti gbá gbogbo ìyẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó kù tó ń rántí kò ju pé tísà kò ní ìyàwó nílé.

Ìjà náà wá ku ọ̀sẹ̀ kan. Kánsílọ̀ tó ń ṣojú ìlú náà ní káńsù ránṣẹ́ sí wọn. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni káńsù máa jókòó. Ó ní bí ẹrù bá ṣì wà nínú ilé ìgbẹ̀bí títí di Ọjọ́bọ̀, òun á dìde, òun á ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, àwọn tó máa gbè é lẹ́yìn sì ti pé. Bí ẹrù bá ti kúrò, kò sí ohun tí òun fẹ́ wí. Ọjọ́rú ló wá kù. Ẹni tó bá jókòó ní Ọjọ́rú, òun ló gbé gbogbo ìjà náà lé itan.

Ní ìpàdé, wọ́n béèrè ẹni tó máa jókòó. Ìyàwó káfíńtà dìde, ó ní, "Ọkọ mi ni." Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún wá ní kí òun àti tísà lọ bá alága fúnra rẹ̀ ní Ọjọ́rú kan náà, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n délé, obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin ni mo fà kalẹ̀, torí ọjọ́ yẹn ló le jù."

Káfíńtà ní, "Ó dára."

Nínú ọkàn rẹ̀, kò dára. Ohun tó ń rò ni pé wọ́n ti rí ibi so òun mọ́. Wọ́n ti fi àga so òun mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, kí àwọn méjèèjì lè ráyè lọ síbi tó wù wọ́n. Ìwọ wo bí owú ṣe ń ṣírò nǹkan. Ìyàwó rẹ̀ fún un ní ipò tó ga jù ní ìlú, ó gbà á bí ìyà.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́rú mọ́, ó gbé àga rẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú mọ àga náà. Igi ìrókò ni, òun fúnra rẹ̀ ló kàn án, ó fẹ̀, ó ní apá méjèèjì tí ènìyàn lè gbé ọwọ́ lé, ó sì wúwo. Ó gbé e dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sí i, ó dé fìlà abetí-ajá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé omi fún un. Ó dúpẹ́.

Kò pẹ́ tí alùpùpù tísà fi ń bọ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn. Tísà rọra ṣe, ó tẹrí ba fún un. Ìyàwó rẹ̀ juwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ọkọ mi!" Wọ́n kọjá. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣẹ́ kọ́nà, káfíńtà gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, irú èyí tó máa ń rín nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ó ti pẹ́ tí káfíńtà ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Bí kò bá rẹ́rìn-ín ni, bóyá ì bá jókòó síbẹ̀ di alẹ́. Ó ń gbọ́ ọ létí lẹ́yìn tí alùpùpù ti lọ tipẹ́. Kí ni wọ́n sọ? Kí ni tísà sọ fún un? Ṣé òun ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, òun tó jókòó kalẹ̀ síbẹ̀ bí ẹrù? Ìjókòó náà kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn mọ́.

Ní ìlú wọn, bí àgbà bá fẹ́ jáde díẹ̀ ní ìpàdé, yóò bọ́ fìlà rẹ̀ sórí àga. Kò sí ẹni tó máa jókòó síbẹ̀, kódà bí ilé bá kún. Wọ́n gbà pé ẹni náà ṣì wà níjòókòó. Káfíńtà rántí èyí, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé ó rí àṣẹ gbà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sí àárín àga, ó tún etí rẹ̀ ṣe dáadáa.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

Ó ní, "Mo ń bọ̀ báyìí. Fìlà mi wà níbẹ̀."

Ó gun ọ̀kadà, ó di ọ́fíìsì káńsù. Kò gba iwájú wọlé. Ó yí gba ẹ̀yìn ọgbà bí olè. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí ni tísà, lábẹ́ igi máńgòrò. Tísà ti sùn. Ó gbé gbohùngbohùn rẹ̀ lé itan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, eṣinṣin ń bà á létí. Àgbàlagbà tó ti rẹ̀ ni. Káfíńtà dúró, ó wò ó. Owú tó fi rìn wá dé ibẹ̀ kò rí ibi ìdúró mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò. Ó ń wá ìyàwó rẹ̀.

Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé kan. Òun nìkan ló wà lọ́dọ̀ alága, ó wà lórí ìkúnlẹ̀.

Alága ń sọ pé, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Lọ́rì ti lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Obìnrin náà ní, "Kó máa lọ, alága wa. Kò ní rí nǹkan kó. Ṣé ẹ mọ ẹni tó jókòó lónìí? Ọkọ mi ni. Bí ọkùnrin yẹn bá jókòó, òjò ò lè gbé e dìde. Nígbà tí à ń kọjá láàárọ̀, mo wò ó lórí àga yẹn bó ṣe rọra jókòó bí ọba, inú mi dùn débi pé mo kàn bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn alùpùpù. Tísà ní kí ló dé. Mo ní ọkọ mi ni mo rí."

Káfíńtà dúró lẹ́yìn fèrèsé náà, orí rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó wá fìlà rẹ̀ tì. Lẹ́yìn náà ni ó sáré jáde, ó gun ọ̀kadà padà.

Ní àárín oko kòkó, ó pàdé lọ́rì. Wọ́n ti da bẹ́ẹ̀dì dojú dé lórí ara wọn, wọ́n fi okùn di fìríìjì mọ́ irin. Awakọ̀ rí i, ó dúró. Àwọn ọmọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, a kí yín níbẹ̀, ẹ ò dáhùn. A dọ̀bálẹ̀ fún fìlà yín. A ní káńsù ló rán wa. A dúró, bóyá ẹ wà nítòsí. Kò sí ẹni tó ní ká má kó o. Nọ́ọ̀sì ń sunkún, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sórí àga yín, torí fìlà wà níbẹ̀. A rọra gbé e. A ò jẹ́ kí fìlà já bọ́. A ti gbé e síwájú ilé yín."

Kò sí yẹ̀yẹ́ kankan nínú ohùn ọmọ náà. Ì bá sàn kí ó wà.

Káfíńtà ní, "Ẹ dá a padà."

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ó ti wọ lọ́rì. Bí a bá dá a padà, a ò níṣẹ́ mọ́. Ẹ má bínú."

Wọ́n tún dọ̀bálẹ̀, wọ́n lọ. Nígbà tí ó délé, ó bá àga rẹ̀ níwájú ilé, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà. Fìlà wà láàárín rẹ̀, etí rẹ̀ dúró bó ṣe tún un ṣe.

Ìyàwó rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti gba iwájú ilé ìgbẹ̀bí kọjá, ó ti rí i pé ó ṣófo. Kò pariwo. Ó dúró ti àga náà, ó ní, "Níbo lẹ lọ?"

Ọkùnrin náà ì bá purọ́. Kò purọ́. Ó ní, "Mo tẹ̀ lé yín."

Obìnrin náà mú fìlà náà, ó gbọn eruku tí kò sí lára rẹ̀ nù, ó dé e lé e lórí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì wọlé. Kò gbà á létí, kò kó jáde, oúnjẹ alẹ́ sì dé bó ṣe máa ń dé. Ẹ̀rín yẹn ni káfíńtà kò gbọ́ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, kánsílọ̀ wọn kò rí nǹkan wí. Nọ́ọ̀sì di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Láti ìgbà náà, bí ìrọbí bá mú obìnrin ní ìlú yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé títì. Wọ́n gbìyànjú kẹ̀kẹ́, wọ́n gbìyànjú ọ̀kadà, obìnrin tí ìrọbí mú kò lè jókòó lórí wọn. Ẹnì kan wá rántí pé àga kan wà ní ìlú tó fẹ̀, tó lágbára, tó ní apá méjì tí ènìyàn lè dì mú. Wọ́n wá kan ilẹ̀kùn káfíńtà. Wọ́n ní, "Bàbá, àga yín."

Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó lórí rẹ̀ dé títì. Ẹnì kejì kò dé.

Àga náà wúwo, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó máa ń gbé e yí ara wọn padà, ṣùgbọ́n ẹni méjì wà tí kì í yẹ̀. Ìyàwó káfíńtà máa ń di apá kan mú, tísà máa ń di apá kejì mú. Wọ́n á jọ máa rìn lọ nínú oko kòkó, ọwọ́ wọn á wà lára àga rẹ̀, káfíńtà náà á wà lẹ́yìn tó ń gbé ẹsẹ̀ àga, á máa wo ẹ̀yìn orí àwọn méjèèjì. Tẹ́lẹ̀, ó ń fojú inú rí wọn pọ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ló fi àga rẹ̀ so wọ́n pọ̀ báyìí.

Ó parí. Ó wá kan ìwọ.

O wá bá mi lónìí pé kí n pe ìyàwó rẹ, kí n bá a wí. O ní àwọn tó ń jà kí káńsù má ti ilé ìwé àdúgbò yín pa ti gbà á lọ́wọ́ rẹ. O mọ ìgbà tó jáde, o mọ ìgbà tó wọlé, o mọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí fóònù fi gbóná. O ka orúkọ akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn sí mi létí bí ẹni ń ka orúkọ adigunjalè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọ́ pé ibo ni ọ̀rọ̀ ilé ìwé náà dé, o kò mọ̀. Ọmọ rẹ sì wà ní kíláàsì kẹta níbẹ̀.

Mi ò ní pè é. Ìwọ ni mo pè. Mo gbọ́ pé lọ́la, àwọn òbí máa dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé náà, ìyàwó rẹ sì ti sọ fún wọn pé o ń bọ̀. Ó ti sọ ọ́ kí o tó mọ̀. Má rán ẹnikẹ́ni lọ dípò rẹ, má sì fi nǹkan kan sílẹ̀ kí o yẹ̀ sẹ́yìn. Gbé ara rẹ lọ, kí o jókòó.

Bí o bá sì wà níbẹ̀ tí o gbọ́ tí ó rẹ́rìn-ín lókèèrè, má dìde.